Láti Asọ̀rọ̀mágbèsì dé Fóònù: Ohun tí Ojú Libreville Rí

Nígbà tí rédíò kọ́kọ́ dé ilẹ̀ Yorùbá, àwọn baba wa wò ó, wọ́n fetí sí i, wọ́n sì fún un ní orúkọ tí ó bá ìwà rẹ̀ mu. Wọ́n pè é ní asọ̀rọ̀mágbèsì. Ohun tí wọ́n rí ni pé àpótí kékeré tí a kàn mọ́ ògiri yìí a máa sọ̀rọ̀ láti òwúrọ̀ di alẹ́, a máa kọrin, a máa kéde, a máa pàṣẹ, ṣùgbọ́n bí ẹni tí ó jókòó níwájú rẹ̀ bá dá a lóhùn, kò gbọ́. Èkó ni ìjọba ìgbà náà ti kọ́kọ́ fi wáyà fa ohùn wọ inú ilé àwọn ènìyàn ní ọdún 1935, ó sì dé Ìbàdàn ní ọdún 1939. Láti ìgbà náà wá, àpótí ti di ohun tí a ń gbé sínú àpò, ṣùgbọ́n orúkọ tí àwọn baba wa sọ ọ́ kò tíì parẹ́.

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ gbé yẹ̀wò lónìí jẹ́ ti ẹ̀rọ mìíràn, èyí tí ó ti jókòó sí ipò asọ̀rọ̀mágbèsì nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé, èyíinì ni fóònù alágbèéká. Fóònù ń sọ̀rọ̀, ó sì ń gba èsì. A ó wo bí àwọn ará ìlú Libreville, olú-ìlú ilẹ̀ Gàbọ̀n, ṣe ń lò ó, ohun tí ó ń ná wọn, àti ohun tí ojú wọn rí ní ìgbà tí àwọn aláṣẹ sọ ọ́ di òkú ẹ̀rọ mọ́ wọn lọ́wọ́. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe wí pé Gàbọ̀n jìnnà. Irú ohun tí ó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà tiwa pẹ̀lú.

Libreville wà ní etí òkun Àtìláńtíìkì, ní ẹnu odò Komo, kò sì jìnnà sí ìlà tí ó pín ayé sí méjì ọgbọọgba. Àwọn Mpongwe ni wọ́n ni ilẹ̀ náà kí àwọn Faransé tó kọ́ odi síbẹ̀ ní ọdún 1843. Ní ọdún 1849, wọ́n tẹ àwọn ènìyàn kan dó síbẹ̀ tí wọ́n gbà sílẹ̀ nínú ọkọ̀ àwọn oníṣòwò ẹrú, wọ́n sì sọ ibùdó náà ní Libreville, èyí tí ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́ Ìlú Òmìnira. Ọjọ́ 17 oṣù kẹjọ ọdún 1960 ni Gàbọ̀n kúrò lábẹ́ àwọn Faransé, bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ṣáájú Nàìjíríà. Ilẹ̀ náà ní epo rọ̀bì, ó ní igbó ńlá, ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn rẹ̀ kò pọ̀. Nígbà tí wọ́n ka orí ní ọdún 2013, gbogbo wọn jẹ́ bí 1,800,000, àwọn tí ó sì ń gbé Libreville nìkan lé ní 700,000.

Nínú àwọn tí ó ń gbé ìlú náà ni a ti rí àwọn ọmọ káàárọ̀-oò-jíire. Àwọn kan ti Nàìjíríà lọ, àwọn mìíràn ti Àjàṣẹ́, Kétu àti Sákétẹ́ lọ, ní ilẹ̀ Olómìnira Bẹ̀nẹ̀ tí à ń pè ní Dahomey tẹ́lẹ̀. Wọ́n ń tajà, wọ́n ń ránṣọ, wọ́n ń pẹja, wọ́n sì ń fi owó ránṣẹ́ sílé. Ojú wọn ti rí nǹkan pẹ̀lú. Ní àárín ọdún 1978, ìjà tí ó wà láàárín Ààrẹ Omar Bongo ti Gàbọ̀n àti Ààrẹ Mathieu Kérékou ti Bẹ̀nẹ̀, nítorí àwọn jagunjagun onígbàmọ́wó tí wọ́n kọlu Kùtọnu ní oṣù kìíní ọdún 1977, le dé ibi pé ìjọba Gàbọ̀n lé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ Bẹ̀nẹ̀ kúrò ní ilẹ̀ rẹ̀. Ní irú ìgbà bẹ́ẹ̀, rédíò lè kéde fún ìyá tí ó wà ní Kétu pé wọ́n ń lé àwọn àlejò. Kò lè sọ fún un bóyá ọmọ tirẹ̀ ti rí ọkọ̀ wọ̀. Ìyá náà kò sì lè bi í.

Bí ọ̀rọ̀ ti rí nìyí ní gbogbo ìgbà tí rédíò nìkan jọba. Ẹni tí ó bá di ilé iṣẹ́ rédíò mú ni ó di ọ̀rọ̀ mú. Àwọn sójà mọ èyí dáadáa. Ní òru ọjọ́ 17 mọ́jú ọjọ́ 18 oṣù kejì ọdún 1964, àwọn sójà kan ní Libreville mú Ààrẹ Léon Mba, wọ́n gba ilé iṣẹ́ rédíò, wọ́n sì mú kí ààrẹ náà fi ẹnu ara rẹ̀ kéde fún gbogbo ayé pé a ti ṣẹ́gun òun. Kò pẹ́ tí àwọn sójà Faransé fi balẹ̀ sí ìlú náà tí wọ́n sì dá a padà sórí àga. Ará ìlú tí ó jókòó ti rédíò rẹ̀ ní ọjọ́ wọ̀nyí gbọ́ pé ìjọba ti bọ́, ó tún gbọ́ pé ìjọba ti padà. Ẹnikẹ́ni kò bi í ní ohun tí òun náà rò.

Ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán ti dé Gàbọ̀n ní ọdún 1963. Ní ọdún 1981, ilé iṣẹ́ rédíò ńlá kan bẹ̀rẹ̀ ní Libreville, tí wọ́n pè ní Africa N° 1, tí ohùn rẹ̀ ń ti ẹ̀rọ ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́ ní Moyabi jáde, tí àwọn tí ó gbọ́ Faransé sì ń gbọ́ ọ káàkiri ilẹ̀ Áfíríkà. Iṣẹ́ dáradára ni wọ́n ṣe. Síbẹ̀, asọ̀rọ̀mágbèsì ni gbogbo wọn í ṣe.

Àwa náà mọ bí ó ti ń dun ènìyàn tó kí a sọ̀rọ̀ sí i kí a má sì jẹ́ kí ó fèsì. Ní ọdún 1953, nígbà tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Action Group jáde kúrò ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Èkó nítorí ọ̀ràn òmìnira, Gómìnà John Macpherson lo rédíò ìjọba láti bu ẹnu àtẹ́ lù wọ́n. Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ béèrè pé kí wọ́n fún òun ní àyè lórí rédíò kan náà kí òun lè sọ tẹnu òun. Wọn kò gbà fún un. Nígbà tí òfin ọdún 1954 fún àwọn ẹkùn ní ẹ̀tọ́ láti dá ilé iṣẹ́ ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́ sílẹ̀, Ìwọ̀-Oòrùn kò fi ṣeré, ó sì ṣí ilé iṣẹ́ amóhùnmáwòrán sí Ìbàdàn ní ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá ọdún 1959, èkíní irú rẹ̀ ní gúúsù aṣálẹ̀ Sàhárà. Èsì tí a kọ̀ fún ẹnì kan wà lára ohun tí ó bí i. Àwọn àgbà ti wí tipẹ́ pé agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni.

Nígbà náà ni fóònù alágbèéká dé. Ní nǹkan bí ọdún 2000, àwọn ilé iṣẹ́ bíi Libertis àti Celtel bẹ̀rẹ̀ sí í tà á fún àwọn ará Libreville. Celtel yí orúkọ padà di Zain, ó sì tún di Airtel ní ọdún 2010. Ilé iṣẹ́ tẹlifóònù ti ìjọba pẹ̀lú bọ́ sí ọwọ́ Maroc Telecom ti ilẹ̀ Mòrókò, tí ó ra ìdá 51 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ ní ọdún 2007. Lábẹ́ òkun, wọ́n fa okùn SAT-3 gba Èkó àti Kùtọnu kọjá dé Libreville, iṣẹ́ sì bẹ̀rẹ̀ lórí rẹ̀ ní ọdún 2002. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn èyí, okùn kejì tí ń jẹ́ ACE bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ó ti ilẹ̀ Faransé wá. Nípasẹ̀ àwọn okùn wọ̀nyí ni íńtánẹ́ẹ̀tì fi yára, tí fóònù sì di ilé ìfìwéránṣẹ́, ilé ìfowópamọ́, ìwé ìròyìn àti àwòrán ìdílé lápapọ̀.

Ẹni tí ó bá dé ọjà Mont-Bouët, ọjà tí ó tóbi jù lọ ní Libreville, yóò rí i bí ẹ̀rọ yìí ti wọ ara ìgbésí ayé. Fóònù tuntun wà níbẹ̀, àlòkù wà níbẹ̀, àwọn tí ń tún un ṣe jókòó pẹ̀lú ìrin ìjóǹkan wọn, àwọn tí ń ta káàdì ìpè àti àwọn tí ń gba owó sórí fóònù na agboòrùn wọn sí ẹ̀bá ọ̀nà. Obìnrin tí kò ka ìwé rí kò ní láti bẹ akọ̀wé mọ́. Yóò tẹ ibi kan lórí WhatsApp, yóò fi ohùn ara rẹ̀ sọ ohun tí ó wà lọ́kàn rẹ̀ fún àbúrò rẹ̀ ní Àjàṣẹ́, kí ó sì tó pa aṣọ tí ó ń tà pọ̀ tán, èsì ti dé. Ẹni tí ń ta ẹja mọ̀ kí ọkọ̀ tó gúnlẹ̀ iye tí yóò rí rà. Ọmọ iṣẹ́ tí wọ́n san owó fún lórí fóònù ń fi í ra oúnjẹ láìfi ọwọ́ kan owó bébà.

Àǹfààní ti owó yìí pọ̀ fún àlejò ju fún onílé lọ. Owó CFA tí wọ́n ń ná ní Gàbọ̀n àti owó CFA tí wọ́n ń ná ní Bẹ̀nẹ̀ jẹ́ orúkọ kan náà, iye wọn sì dọ́gba, nítorí 655.957 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan ni ó ń ṣe Yúrò kan. Ṣùgbọ́n ilé ìfowópamọ́ àgbà tí ó ń tẹ ti Gàbọ̀n wà ní Yaoundé, èyí tí ó ń tẹ ti Bẹ̀nẹ̀ wà ní Dakar, bébà ti ọ̀kan kò sì ṣe é ná ní ilẹ̀ ìkejì. Oníṣòwò tí ó bá di ti Libreville sínú àpò lọ sí Kùtọnu yóò rí i pé orúkọ nìkan kò tó láti ra gààrí. Nítorí náà ni ọ̀nà tí owó lè gbà kọjá láìjẹ́ pé ènìyàn gbé e lọ́wọ́ fi ṣe pàtàkì sí wọn tó bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n gbogbo ohun tí a bá rà ni ó ní ohun tí ó ń jẹ. Rédíò kékeré ti àtijọ́ kò béèrè ju bátìrì méjì tàbí mẹ́ta lọ, a sì lè sá bátìrì náà sí oòrùn kí ó tún fi ọjọ́ kan ṣiṣẹ́. Fóònù ń jẹ iná mànàmáná lójoojúmọ́. Ní Libreville, ilé iṣẹ́ tí ń jẹ́ SEEG ni ó ń pèsè iná àti omi. Ilé iṣẹ́ Veolia ti ilẹ̀ Faransé ni ó ní èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀ láti ọdún 1997 títí di ìgbà tí ìjọba fi gba á padà ní ọdún 2018. Iná ìlú náà ń ti àwọn ìdídò Kinguélé àti Tchimbélé wá, àti láti inú àwọn ẹ̀rọ tí ń jó epo àti gáàsì ní Owendo. Ìlú dàgbà ju iná rẹ̀ lọ. Iná wá ń lọ, ó ń bọ̀, àwọn ará àdúgbò ń kùn, títí ìjọba fi fi alámòójútó tirẹ̀ sórí SEEG ní ọdún 2024, tí ó sì háyà àwọn ọkọ̀ òkun tí a kọ́ ẹ̀rọ amúnáwá sí nínú láti ilẹ̀ Tọ́kì ní ọdún 2025.

Kí ni èyí jẹ́ nínú ilé? Ní ọ̀pọ̀ ilé ní Libreville, mítà tí a ń san owó sí sílẹ̀ kí iná tó tàn ni wọ́n ń lò, Edan ni wọ́n ń pè é. Fóònù sì lè san owó rẹ̀. Fóònù ni a fi ń ra iná, iná ni fóònù sì ń jẹ. Bí iná bá lọ ní alẹ́, tí fóònù sì ti fẹ́ kú, ẹni tí ó ní owó nínú fóònù náà jókòó sínú òkùnkùn bí ẹni tí kò ní kọ́bọ̀. Fíríìjì tí a fi gbèsè rà di àpótí tí ẹja ń rà nínú rẹ̀. Àwọn aláìní jẹnẹrétọ̀ a gbé fóònù wọn lọ sí ilé ẹni tí ó ní in, wọn a sì jókòó tì í, nítorí bí wọ́n bá fi í sílẹ̀, àfàìmọ̀ kí wọ́n má bá a mọ́. Ìtàn yìí kò ṣàjèjì sí olùgbọ́ tí ó wà ní Mushin tàbí ní Ògbómọ̀ṣọ́.

Okùn abẹ́ òkun náà kò ju okùn lọ. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2024, nǹkan ṣe mẹ́rin nínú àwọn okùn ńlá wọ̀nyí ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo nínú òkun Abidjan, SAT-3 àti ACE sì wà lára wọn. Ní Nàìjíríà, ní Gánà, ní Làìbéríà àti ní Bẹ̀nẹ̀, íńtánẹ́ẹ̀tì fà bí ìgbín, àwọn ilé ìfowópamọ́ kan kò sì lè dá oníbàárà wọn lóhùn. Ẹni tí ó wà ní Ìbàdàn tí kò tíì fojú kan òkun rí mọ̀ ní ọjọ́ náà pé òkun ni òun ń gbà sọ̀rọ̀.

Ṣùgbọ́n iná a máa padà, a sì máa tún okùn so. Ohun tí ó le jù ni èyí tí a fi ọwọ́ ènìyàn ṣe. Ní ìgbà mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, àwọn ará Libreville jí, wọ́n rí i pé fóònù wọn wà ní pípé, bátìrì kún, owó wà nínú rẹ̀, síbẹ̀ kò já mọ́ nǹkan.

Èkíní ni ti ọdún 2016. Wọ́n kéde ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ pé Ali Bongo, ọmọ Omar Bongo, ni ó wọlé ìbò ààrẹ, ìjà bẹ́ sílẹ̀ ní ìgboro, iná sì jó ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin. Wọ́n pa íńtánẹ́ẹ̀tì fún ọjọ́ bíi mélòó kan. Nígbà tí wọ́n sì ṣí i, ọ̀sán nìkan ni wọ́n ṣí i. Bí alẹ́ bá lẹ́, wọn a tún tì í, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe títí oṣù kẹsàn-án fi fẹ́ parí. Èkejì ni ti ọjọ́ 7 oṣù kìíní ọdún 2019. Ààrẹ Ali Bongo wà ní Mòrókò tí ó ń gba ìtọ́jú, ni àwọn sójà díẹ̀ bá wọ ilé iṣẹ́ rédíò ní ìdájí, tí wọ́n ka ìkéde, gẹ́gẹ́ bí àwọn aṣáájú wọn ti ṣe ní ọdún 1964. Láàárín wákàtí díẹ̀, ìjọba ti borí wọn. Íńtánẹ́ẹ̀tì kò padà títí di ọjọ́ kejì.

Ẹ̀kẹta ni ó lágbára jù. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2023, àwọn ará Gàbọ̀n dìbò. Kí wọ́n tó ka ìbò tán ní alẹ́ ọjọ́ náà, ìjọba kéde kónílé-ó-gbélé, ó sì pa íńtánẹ́ẹ̀tì ní gbogbo ilẹ̀ náà. Ìdí tí ó fi hàn ni pé òun kò fẹ́ kí ìròyìn èké àti ìpè sí ìjà tàn kálẹ̀. Ó dá àwọn ilé iṣẹ́ France 24, RFI àti TV5 Monde dúró pẹ̀lú. Fún ọjọ́ mẹ́ta àti ààbọ̀, Libreville padà sí ayé asọ̀rọ̀mágbèsì. Ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán ìjọba ń sọ̀rọ̀, ará ìlú sì ń wò.

Ẹ jẹ́ kí a ro ohun tí ọjọ́ mẹ́ta ààbọ̀ bẹ́ẹ̀ túmọ̀ sí fún ẹni tí kò bá ìṣèlú lọ. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ń wa ọkọ̀, tí oníbàárà rẹ̀ máa ń fi WhatsApp ké sí i, kò rí ẹni ké sí i. Oníṣòwò tí ọjà rẹ̀ wà lórí omi láti Ṣáínà kò mọ ibi tí ó dé. Ìyá tí ó wà ní Pọ̀bẹ́ gbọ́ pé nǹkan ń ṣẹlẹ̀ ní Gàbọ̀n, ó tẹ fóònù, ọ̀rọ̀ rẹ̀ dúró sí ojú kan, kò lọ. Ipò tí ìyá Kétu wà ní ọdún 1978 ni òun náà padà sí, ó kàn jẹ́ pé ẹ̀rọ olówó gọbọi ni ó dì mọ́wọ́ ní tirẹ̀. Ohun ìyanu mìíràn ni pé fóònù kékeré tí ó rọjú owó, tí kò mọ ohun tí ń jẹ́ íńtánẹ́ẹ̀tì, lè máa fi nọ́ḿbà títẹ̀ fi owó ránṣẹ́ nígbà tí íńtánẹ́ẹ̀tì nìkan bá kú, kí èyí tí ó ń dán gbinrin sì di àwòjíìjí lásán.

Kò yẹ kí a gbàgbé ẹjọ́ ìjọba. Òótọ́ ni pé fóònù ń gbé irọ́ rìn. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2014, lẹ́yìn tí àrùn Ebola ti dé Nàìjíríà, irọ́ kan ti orí fóònù dé orí fóònù ní òru ọjọ́ kan pé kí ènìyàn mu omi iyọ̀ kí ó sì fi wẹ̀ kí àrùn náà má bàa mú un. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ti ṣe bẹ́ẹ̀, àwọn kan sì ti ibẹ̀ dèrò ilé ìwòsàn. Kí ni ó pa irọ́ náà? Èsì ni. Àwọn oníṣègùn àti ìjọba sọ̀rọ̀ lórí rédíò, àwọn ọlọ́gbọ́n sì fi fóònù kan náà tún ọ̀rọ̀ náà sọ fún ẹbí wọn. Ká ní wọ́n pa fóònù ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà ni, irọ́ náà ì bá ti wọ ilé, òtítọ́ ì bá sì wà ní ìta. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́.

Bẹ́ẹ̀ ni kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé irọ́ tí ń pa ènìyàn bẹ̀rẹ̀ láti orí fóònù. Ní ilẹ̀ Rùwáńdà ní ọdún 1994, rédíò kan tí ń jẹ́ RTLM ni ó ń ru àwọn ènìyàn sókè sí ìpakúpa àwọn Tutsi, tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún ọkàn fi ṣòfò. Àwọn tí ó ń dárúkọ kò lè fèsì. Asọ̀rọ̀mágbèsì ni ó ṣe iṣẹ́ náà.

Ní ẹnu ọ̀nà tiwa, ìjọba Tógò pa íńtánẹ́ẹ̀tì ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2017 nígbà tí àwọn ènìyàn ń wọ́de. Bẹ̀nẹ̀ pa á ní ọjọ́ ìbò, 28 oṣù kẹrin ọdún 2019. Nàìjíríà kò pa ọ̀nà, ṣùgbọ́n ó ti ilé kan pa lójú ọ̀nà náà. Ó ti Twitter mọ́ àwọn ará ìlú láti ọjọ́ 5 oṣù kẹfà ọdún 2021 títí di ọjọ́ 13 oṣù kìíní ọdún 2022, àwọn ọ̀dọ́ sì wá ọ̀nà ẹ̀yìn tí wọ́n ń pè ní VPN gbà wọlé. Kóòtù àjọ ECOWAS dá ẹjọ́ Tógò ní ọjọ́ 25 oṣù kẹfà ọdún 2020, ó sì dá ti Nàìjíríà ní ọjọ́ 14 oṣù keje ọdún 2022. Nínú méjèèjì, ó wí pé ohun tí ìjọba ṣe lòdì sí ẹ̀tọ́ àwọn ènìyàn láti sọ tẹnu wọn. Gàbọ̀n kò sí nínú ECOWAS, nítorí náà ará Libreville kò lè gbé ẹjọ́ tirẹ̀ lọ síbẹ̀.

Ó kù díẹ̀ nínú ìtàn ọdún 2023. Ní ìdájí ọjọ́ 30 oṣù kẹjọ, wọ́n kéde pé Ali Bongo tún wọlé. Kò pẹ́ rárá lẹ́yìn èyí tí àwọn sójà yọ lójú ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán Gabon 24, wọ́n ní ìjọba ti dópin. Ọ̀gágun Brice Clotaire Oligui Nguema di olórí. Ní òwúrọ̀ náà gan-an, íńtánẹ́ẹ̀tì padà. Ní ọjọ́ yẹn kan náà, àwòrán kan tàn káàkiri orí fóònù. Ali Bongo ni, ó jókòó sórí àga nínú ilé tí wọ́n há a mọ́, ó ń fi èdè Gẹ̀ẹ́sì bẹ àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní gbogbo ayé pé kí wọ́n pariwo. Ọkùnrin tí ìjọba rẹ̀ ti pa ẹnu gbogbo ìlú mọ́ láti ọjọ́ mẹ́ta sẹ́yìn wá ń wá ẹni tí yóò fọhùn fún òun. Ọ̀nà tí ìjọba tirẹ̀ ti dí, tí àwọn tí ó lé e kúrò sì ṣí, ni ohùn rẹ̀ gbà jáde.

Ẹ̀yin olùgbọ́ wa, ọ̀rọ̀ yìí ní ẹ̀kọ́ fún ilé, ó sì ní ẹ̀kọ́ fún ààfin. Fún ilé, ó dára kí a ra ohun tuntun, nítorí ó ń mú ayé rọrùn. Ṣùgbọ́n kí ẹni tí ó bá rà á máa bi ara rẹ̀ pé: kí ni ó ń jẹ, ta ni ó ń bọ́ ọ, ta ni ó sì lè pa á? Kí rédíò kékeré àti bátìrì rẹ̀ wà nílé. Kí owó díẹ̀ wà lọ́wọ́ yàtọ̀ sí ti inú fóònù. Kí nọ́ḿbà àwọn ẹbí wà nínú ìwé, kí ó má jẹ́ inú ẹ̀rọ nìkan. Ọ̀nà kan ò wọjà.

Fún àwọn aláṣẹ, kí wọ́n rántí pé kì í ṣe nítorí ọ̀rọ̀ sísọ nìkan ni àwọn ènìyàn fi ń ra fóònù. Rédíò ń ṣe èyíinì fún wọn tẹ́lẹ̀. Nítorí èsì ni wọ́n ṣe ń fi oúnjẹ du ara wọn kí wọ́n lè rà á. Ìjọba tí ó bá ti èsì pa ní ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ gbóná ti sọ ara rẹ̀ di adití ní ọjọ́ tí ó yẹ kí ó gbọ́ràn jù lọ, yóò sì jẹ́ ẹni ìkẹyìn tí yóò mọ ohun tí ìlú ń wí.